Wọ́n gba ọmọ mi sí Penn State, ẹbí ní yunifásítì aríyá ni. Ta ní ń fún ilé-ìwé lórúkọ yìí?

Ìyá Ọláolúwa

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Maryland ni mò ń gbé. Àkọ́bí mi ọkùnrin ti gba lẹ́tà Penn State, ìmọ̀ ẹ̀rọ ló fẹ́ kà, inú gbogbo wa sì ń dùn títí àbúrò ọkọ mi fi pè láti Abẹ́òkúta. Ó ní òun tẹ orúkọ ilé-ìwé náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí òun sì rí ni pé ó ti ṣe ipò kìíní rí láàárín àwọn yunifásítì tí wọ́n ti ń ṣe pátì jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Láti ọjọ́ yẹn, bàbá ọmọ kò jẹ́ ká sinmi mọ́. Ó ní òun kò ní fi òógùn ojú òun rán ọmọ lọ sílé ọtí. Ọmọ ní irọ́ ni, gbogbo ilé-ìwé ni wọ́n ti ń ṣe pátì. Èmi wà láàárín.

Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún la gbọ́dọ̀ sanwó láti di àyè rẹ̀ mú, oṣù kẹrin sì ti wọlé. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé ta ní ń fún ilé-ìwé lórúkọ yìí? Ṣé ẹnìkan ń lọ ka pátì ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dénú ni kó dá mi lóhùn.

Ayékòótọ́

Ẹ kú oríire, màmá. Ẹ bá mi kí ọmọ náà, ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Penn State kì í ṣe ohun tí wọ́n ń há fúnni.

Ipò kìíní tí wọ́n rí yẹn, ti 2009 ni. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Princeton Review ló ń ṣe é. Iṣẹ́ wọn gan-an ni ìwé àti ẹ̀kọ́ ìgbáradì fún ìdánwò àbáwọlé. Orúkọ ló jọra, wọn kò bá Yunifásítì Princeton tan. Wọ́n ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè: ṣé wọ́n ń mutí níbẹ̀ dáadáa? Ṣé wọ́n ń fagbó? Wákàtí mélòó lo fi ń kàwé lóòjọ́, yàtọ̀ sí ti kíláàsì? Ṣé àwọn ẹgbẹ́ onílẹ́tà Gíríìkì, fratánítì ti ọkùnrin àti sọ̀rọ́rítì ti obìnrin, gbilẹ̀? Wọ́n á po ìdáhùn pọ̀, ohun tó bá jáde ni lísìtì. Ẹnikẹ́ni kò lọ ka ìgò. Ọmọ tó bá sì fẹ́ káyé gbà pé ilé-ìwé òun ń gbóná mọ ohun tó yẹ kóun kọ sílẹ̀. Ní 2002, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, AMA, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yé ṣe lísìtì yẹn. Wọn kò gbà.

Kí tiwọn tó dé, ìwé ìròyìn Playboy ti gbé irú ẹ̀ jáde ní 1987, wọ́n fi Chico State ní California ṣe ọ̀gá. Lọ́dún yẹn kan náà ni àjọ̀dún tí wọ́n ń pè ní Pioneer Days di rògbòdìyàn ní ìgboro Chico, tí ọ̀gá ilé-ìwé sì fagi lé e. Àwọn tó jó nígbà yẹn ti ń di bàbá àgbà báyìí, síbẹ̀ ẹ wo bí orúkọ náà ṣe ṣì lẹ̀ mọ́ Chico.

Sùúrù_lérè

Ayékòótọ́, bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Princeton Review yẹn kan náà ló ń ṣe lísìtì àwọn ilé-ìwé tí wọn kì í ti í mutí rárá. BYU, ti àwọn ìjọ Mormon ní Utah, ni wọ́n fi ṣe ipò kìíní níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láti 1998. Ṣé fọ́ọ̀mù tó ń sọ òótọ́ nípa BYU ló wá ń parọ́ mọ́ Penn State?

Màmá, ọ̀rọ̀ ọkọ yín kì í ṣe àsọdùn. Ilé-ìwé ìjọ pọ̀ tó dáa, tó sì ní ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Ayékòótọ́

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Ní BYU, akẹ́kọ̀ọ́ ń fọwọ́ síwèé pé òun kò ní fẹnu kan ọtí, bí wọ́n bá sì mú un, ó lè di ẹni tí wọ́n lé. Kò sí bí fọ́ọ̀mù á ṣe ṣì í mọ̀. Lísìtì náà lè fi òkè han ìsàlẹ̀. Èyí tí kò lè ṣe ni kó sọ ìyàtọ̀ àárín ẹni kìíní àti ẹni ogún, bẹ́ẹ̀ ẹni kìíní nìkan ni ìwé ìròyìn ń gbé sójú ewé.

Kíkẹ́

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. UC Santa Barbara ní California ni mo ti jáde, ọ̀kan lára àwọn tí lísìtì kì í gbàgbé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tiwa ṣe jẹ́.

Àdúgbò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yunifásítì wa tó ń jẹ́ Isla Vista. Ó kéré, ẹ fẹsẹ̀ rìn ín já láìpẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì kún un fọ́fọ́. Kì í ṣe ìlú tó dá dúró, kò ní méyọ̀, ìjọba county, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, ló ń ṣàkóso rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Òpópónà kan níbẹ̀, Del Playa, wà lórí bèbè òkè tó dá wálẹ̀ sínú òkun. Ní Sátidé tí oòrùn bá ràn, wọ́n á gbé àga tìmùtìmù jáde síwájú ilé, sípíkà á wà lójú fèrèsé, ife pupa á kún ilẹ̀, ẹ ò ní mọ pátì ilé kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ọdọọdún ni wọ́n ń kìlọ̀ nípa bèbè yẹn, èèyàn sì ti já bọ́ níbẹ̀ kú.

Ní 2009 wọ́n ṣe pátì ńlá kan létí òkun, Floatopia, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló wá. Lọ́dún kejì county ti etíkun pa. Èrò ò lọ sílé o, wọ́n gòkè wá sí Del Playa, pátì náà sì di Deltopia. Ní oṣù kẹrin 2014 ló wá dàrú pátápátá: wọ́n ju òkò, ọlọ́pàá yin tajútajú, wọ́n kó èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wa. Àlejò ni wọ́n, orúkọ tí wọ́n gbọ́ ló gbé wọn wá. Wọ́n wá fún pátì, wọ́n bà á jẹ́, wọ́n lọ, orúkọ náà wá tóbi sí i fún àwa tó kù.

Oṣù kẹwàá 2014 yẹn kan náà ni ọ̀jọ̀gbọ́n wa Shuji Nakamura pín nínú ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì, nítorí iná LED aláwọ̀ búlúù. Ẹ bi ará ìta, tajútajú ló máa rántí.

Ìyá Ọláolúwa

Kíkẹ́ ọmọ mi, o ṣeun. Ṣé ìwọ fúnra ẹ ń lọ sí pátì wọ̀nyẹn? Má bínú pé mo bi ọ́, ìyá ọmọ ni mí.

Kíkẹ́

Mo lọ mà, ẹ̀rín ni mo fi ń dá a lóhùn báyìí. Ní ọdún kìíní mo ń lọ dáadáa. Nígbà tó yá, pátì ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Áfíríkà ni mò ń lọ, ibi tí wọ́n á ti jẹ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, tí wọ́n á jó títí ilẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Kò sí bí lísìtì ṣe máa ka irú ìyẹn. Àwọn ọmọ tí mo mọ̀ tó jó títí tó sì di dókítà pọ̀.

Ọmọ Awo Hall

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Mo rò pé mo mọ ohun tó ń ba ọkọ ìyá yìí àti àbúrò rẹ̀ lẹ́rù, kì í sì í ṣe bíà.

Ní tiwa nílé, ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tirẹ̀. Ìwé ni wọ́n ń fi UI ṣe. UNILAG, ìlú ló fún un lórúkọ: Èkó ló wà, ọmọ Èkó ló kún un, pátì Èkó sì wà lẹ́nu géètì, àní bí akẹ́kọ̀ọ́ ò bá tiẹ̀ kúrò ní yàrá rẹ̀. Àwa ní Ifẹ̀, a máa ń fi ìjà òṣèlú yangàn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa náà ni àwọn Kegites, ẹgbẹ́ ẹlẹ́mu, ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débi jáíréṣàn wọn, ìyẹn àríyá wọn, rí mọ ohun tí mò ń wí: ìlù, emu nínú akèrègbè, orin tí wọ́n fi ń bú ara wọn, gbogbo ẹni tó dé lóyè. Ọtí ni wọ́n pè é, ẹ̀rín ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí kì í ṣe ẹ̀rín. Wole Soyinka àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Pyrates sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1952, ìyẹn kì í ṣe ìjà. Àwọn tó jáde lẹ́yìn wọn ló di ẹgbẹ́ òkùnkùn. Òru mọ́jú ọjọ́ kẹwàá oṣù keje 1999, wọ́n wọ Awo Hall, ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Ifẹ̀, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. Bàbá tó bá jáde yunifásítì nílé láàárín ọdún wọ̀nyẹn, tó wá gbọ́ pé ilé-ìwé ọmọ òun kún fún fratánítì, kì í ṣe ọtí ló wá sí i lọ́kàn. Àáké ni. Ẹ bá ọkọ yín sọ ọ́ dáadáa, mà. Ti Amẹ́ríkà kì í ṣe irú ìyẹn, òfin mọ̀ wọ́n, ilé wọn ní nọ́ńbà lójú títì.

Bọ́dà Kúnlé PA

State College gan-an, ìlú tí Penn State wà, ni mò ń gbé, mo sì máa ń fi ọkọ̀ mi gbé èrò lópin ọ̀sẹ̀. Ọmọ Awo Hall, òótọ́ lo sọ pé wọn kò mú àáké, ṣùgbọ́n má fi ọkàn ìyá balẹ̀ jù.

Ní oṣù kejì 2017, ọmọ ọdún 19 kan fẹ́ wọ ẹgbẹ́ fratánítì níbí. Wọ́n mú un mutí kíákíá lálẹ́ tí wọ́n ń gbà wọ́n wọlé, ó já bọ́ lórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ ilé. Ó tó bíi wákàtí 12 kí ẹnikẹ́ni tó pe áńbúláǹsì. Ó kú. Kámẹ́rà wà nínú ilé yẹn, ohun gbogbo ló hàn. Yunifásítì lé ẹgbẹ́ náà títí láé, ìpínlẹ̀ Pennsylvania sì ṣòfin ní 2018 tó sọ fífi ìyà jẹ ọmọ tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá bó bá yọrí sí ikú tàbí ìpalára tó le.

Nípa orúkọ: State College kò sún mọ́ ìlú ńlá kankan. Òkè ló yí wa ká, oko ló kù. Yunifásítì tó tóbi báyìí nínú ìlú tó kéré, kí lẹ rò pé ọmọ ogún ọdún á ṣe lálẹ́ Fráìdé? Pápá ìṣeré bọ́ọ̀lù wa gba èèyàn tó lé ní 106,000. Ọjọ́ ìdíje, láti òwúrọ̀ ni wọ́n á ti wà nínú pápá ìgbọ́kọ̀sí, tí wọ́n á máa yan ẹran, tí wọ́n á máa mu bíà lẹ́yìn ọkọ̀. Bàbá ọlọ́mọ ló pọ̀ jù níbẹ̀ o, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dá ọdún sílẹ̀. Ní 2007, ọjọ́ St. Patrick, àjọ̀dún àwọn ará Ireland, bọ́ sáàárín ìsinmi àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní àwọn ò gbà, wọ́n mú Sátidé mìíràn, wọ́n pè é ní State Patty's Day. Láàárín ọdún bíi mélòó kan, ọmọ ilé-ìwé mìíràn ti ń wa ọkọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Ó débi pé wọ́n sanwó fún àwọn ilé ọtí kí wọ́n má ta ọtí lọ́jọ́ yẹn. Èmi tí mò ń nu èébì kúrò lórí ìjókòó ọkọ̀ mọ ọjọ́ náà ju ẹni tó dá a sílẹ̀ lọ. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí náà: lálẹ́ Túsìdeè, ilé ìkàwé ni mo ti ń gbé èrò jù.

Tàjù Leeds

Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, òfin yín tó ní ọmọ gbọ́dọ̀ pé ọdún 21 kó tó ra ọtí ló fa gbogbo èyí. Níbí ní Ẹ́ńgláńdì, ọmọ ọdún 18 ń ra bíà lójú gbogbo ayé, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ló máa ń ní ilé ọtí nínú ọgbà. Leeds náà lórúkọ, ẹ bèèrè nípa Otley Run: wọ́n á wọ aṣọ eré, wọ́n á máa ti ilé ọtí kan bọ́ sí èkejì láti Headingley wọ àárín ìlú, ọ̀sán gangan. Ariwo wà, èébì wà. Ṣùgbọ́n gbangba ni.

Ayékòótọ́

Tàjù fọwọ́ kàn án, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò gbà pé òfin nìkan ni. Títí di ìgbà kan, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń yan ọjọ́ orí tí èèyàn fi lè ra ọtí. Ní 1984, ìjọba àpapọ̀ ní ìpínlẹ̀ tí kò bá gbé e sí 21 máa pàdánù lára owó tí wọ́n ń fún un láti fi ṣe ọ̀nà. Ìjàǹbá ọkọ̀ tí ọ̀dọ́ ń fà dín kù, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 19 tí kò lè wọlé ọtí á wá ibi tí wọn kò ti ní béèrè ìwé ẹ̀rí ọjọ́ orí. Ta ló ní ilé ńlá, tó ní owó ọtí, tí kò sí àgbàlagbà níbẹ̀? Fratánítì. Ilé àwọn sọ̀rọ́rítì kì í gba ọtí láyè, òfin ẹgbẹ́ wọn ni, nítorí náà ọkùnrin ló ń dá ibi tí pátì á ti wáyé àti ẹni tó máa wọlé. Ní 2008, ọ̀gá yunifásítì tó lé ní ọgọ́rùn-ún fọwọ́ síwèé pé kí orílẹ̀-èdè tún ọ̀rọ̀ ọdún 21 yẹn sọ. Wọ́n bú wọn, ọ̀rọ̀ náà kú.

Wisconsin-Madison ni mo kà, lísìtì náà fẹ́ràn wa. Nínú ilé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa ni wọ́n ti ń ta bíà láti 1933, ẹ ó jókòó létí adágún Mendota, ọ̀jọ̀gbọ́n yín lè wà ní tábìlì kejì pẹ̀lú ife tirẹ̀. Ará Jámánì ló tẹ ibẹ̀ dó pọ̀, wọ́n gbé iṣẹ́ bíà wá. Títí dòní, òfin Wisconsin gba òbí láyè láti jókòó ti ọmọ rẹ̀ nílé ọtí kí ọmọ sì mu. Kí yunifásítì tó kọ́ ọmọ Wisconsin lóhun kankan, ó ti mọ bíà.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ẹ kú àríyànjiyàn. Yàrá pàjáwìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Texas. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣe pàtàkì fún ọmọ yìí, ibi yòówù kó lọ.

Àwọn tí wọ́n ń gbé wá bá wa lóru Sátidé kì í sábà jẹ́ ọ̀mùtí. Ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ ni wọ́n, púpọ̀ nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Nílé, wọn kò fún un ní síbí ọtí kan rí. Ó dé ibẹ̀, ó mu ohun pupa kan nínú garawa tó dùn bí zobo, kò mọ̀ pé ẹmu òyìnbó líle ló wà nínú ẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á gbé àpò ìwé kọ́ ọ lẹ́yìn kó má baà yí sórí ẹ̀yìn, wọ́n á ní kó sùn ún lọ. Ẹni tí kò dáhùn tí ẹ bá pè é, tó ń mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí ara rẹ̀ tutù, kì í ṣe oorun nìyẹn. 911, nọ́ńbà pàjáwìrì, ni kí ẹ pè. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, Pennsylvania náà wà níbẹ̀, ní òfin tó dáàbò bo ọmọ tó bá pe ìrànlọ́wọ́ fún ẹlòmíì, pé wọn kò ní mú un nítorí ọtí tí òun náà mu. Ẹ sọ ọ́ sí ọmọ létí kó tó lọ, kó má ṣe jẹ́ nílé-ìwé ni yóò ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀kejì: ní 1986, Perkins àti Berkowitz, àwọn olùwádìí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní New York, rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rò pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fara mọ́ ọtí gan-an ju bó ṣe rí lóòótọ́ lọ. Oníkálukú ń rò pé òun nìkan lòun ń ṣojo. Ẹ fi orúkọ 'yunifásítì aríyá' lé irú wọn lórí, ọmọ tí kò fẹ́ mu á rò pé gbogbo ayé ń mu. Ohun tí mo fi ń bínú sí lísìtì yẹn nìyẹn.

Sùúrù_lérè

Nọ́ọ̀sì, ohun tẹ́ ẹ sọ yìí wọ̀ mí lára. Ọ̀rọ̀ garawa yẹn pàápàá. Mo ṣì dúró lórí ilé-ìwé ìjọ o, àmọ́ mo gbà pé ọmọ tí wọn kò bá sọ̀rọ̀ ọtí nílé rí lè rí garawa níbikíbi.

Ìyá Ọláolúwa

Ẹ ṣé gan-an, gbogbo yín. Mo ka ti Ọmọ Awo Hall fún ọkọ mi lálẹ́ àná. Ó dákẹ́ títí, ó wá ní ọ̀rẹ́ òun kan wà ní Ifẹ̀ ní 1999. Kò tíì gbà, àmọ́ ó ní kí n bèèrè ohun méjì. Ibo la ti lè rí àkọsílẹ̀ tí kì í ṣe ti lísìtì? Tí a bá sì fẹ́ lọ fojú ara wa rí i kí May tó wọlé, ìgbà wo ló dáa?

Bọ́dà Kúnlé PA

Àkọsílẹ̀ wà, mà. Òfin 2018 tí mo sọ yẹn fi dandan lé e pé kí yunifásítì máa gbé ẹ̀sùn fífi ìyà jẹ ọmọ tuntun nínú ẹgbẹ́ jáde fún gbogbo èèyàn, ẹ ó rí orúkọ ẹgbẹ́, ohun tí wọ́n ṣe àti ìjìyà wọn. Ẹ wá a lórí ìtàkùn yunifásítì fúnra wọn. Ti ìjọba àpapọ̀ náà wà, ìròyìn ààbò ọdọọdún lábẹ́ òfin Clery ti 1990: iye àwọn tí wọ́n mú fún ọtí wà níbẹ̀. Ẹ fọgbọ́n kà á ṣá o, ilé-ìwé tí ọlọ́pàá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ni nọ́ńbà rẹ̀ máa ń ga.

Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ má wá lópin ọ̀sẹ̀ Blue-White nínú oṣù kẹrin yìí, ìyẹn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìgbáradì àwọn agbábọ́ọ̀lù wa. Ẹ ò ní rí hòtẹ́ẹ̀lì, ohun tẹ́ ẹ bá sì rí lójú títì kọ́ ni ìlú yìí. Ẹ dé ní Tọ́sìdeè, kí ọmọ wọ kíláàsì kan ní Fráìdé, kí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ wá fẹsẹ̀ rìn ní College Avenue láago mọ́kànlá alẹ́ Fráìdé yẹn. Ẹ tẹ̀ mí láago nígbà náà, ọkọ̀ mi á wà nítòsí, màá fi gbé yín yípo àwọn ilé fratánítì kí bàbá lè fojú ara rẹ̀ wò wọ́n.